Ibi Tí Akọ Pẹ́pẹ́yẹ Fi Ohùn Rẹ̀ Sí

Nígbà láéláé, nígbà tí ìgbín ṣì ń rò pé òun mọ eré sá, akọ pẹ́pẹ́yẹ ló ní ohùn tó dùn jù lọ nínú gbogbo ẹ̀dá abìyẹ́. Bó bá kí èèyàn lókè odò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò á jẹ́ ẹ. Pẹ́pẹ́yẹ mọ̀ pé ohùn òun dùn. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù.

Bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá mu ún tán, á ròyìn bí omi náà ṣe rí. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn láàárín ọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé mò ń bú Pẹ́pẹ́yẹ o. Èmi tí mò ń pa ìtàn yìí fún yín, ìyàwó tèmi náà ti kọ́ ọ.

Lọ́dún kan, wàhálà dé. Ẹfọ̀n wá jókòó sínú orísun odò wọn. Ó ní ibẹ̀ tutù fún ìdí òun. Bẹ́ẹ̀ ni odò di ẹrẹ̀, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọdé. Nínú ọmọ mẹ́sàn-án tí Àwẹ̀ró bí, méjì kò lè dìde mọ́. Wọ́n kàn dùbúlẹ̀, wọ́n ń la ẹnu.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹranko lọ bá Ẹfọ̀n. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹfọ̀n ní ariwo lásán ni òun ń gbọ́, ó sì sùn lọ.

Baba Ìgbín, àgbà wọn, bá pe ìpàdé.

"Ọjọ́ àjọ̀dún wa ń bọ̀," ó ní. "A ó jó ijó ìdílé wa, a ó ṣe eré ìmárale, a ó mu omi ewúro kí ara wa lè le. Bí ara bá ti le tán, gbogbo wa á tò lọ sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni yóò sọ̀rọ̀."

Wọn ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí Pẹ́pẹ́yẹ fi dìde.

"Pẹ́pẹ́yẹ, o mọ àṣà wa," Baba Ìgbín wí. "Ẹni tó máa gbẹnu ìlú sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ewé há ẹnu láti ìdájí ọjọ́ náà. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi dé iwájú ẹni tí a rán an sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Háà, Baba! Ṣé èmi lẹ rò pé mi ò lè dákẹ́?" Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn. Ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe mọ̀ ọ́n dákẹ́ tó, títí oòrùn fi wọ̀.

Ọjọ́ pé. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló fi ewé sí i lẹ́nu.

"Baba àwọn ọmọ mi, mo bẹ̀ yín," ó ní. "Torí àwọn méjì tó wà nílẹ̀ yìí."

Pẹ́pẹ́yẹ mi orí pé òun gbọ́.

Òkété ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo. Ó ń jó ijó ìdílé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kì í. Ó dun Pẹ́pẹ́yẹ wọra. Ṣé irú ijó yìí ló máa lọ lásán? Ó tu ewé dànù.

"Ẹ wo ẹsẹ̀! Ẹ wo ìdí! Òkété, ọmọ ajẹ̀kùrọ́-má-fọ́-eyín!"

Ó parí. Ẹnu ti ṣí. Nígbà tí eré ìmárale kàn, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló yẹ kó darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Pẹ́pẹ́yẹ ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè! Ọ̀kan! Èjì! Ewúrẹ́, ara rẹ lò ń tàn jẹ o!" Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó, ó ń wò ó. Omi ewúro dé, Pẹ́pẹ́yẹ sọ àǹfààní ewúro láti gbòǹgbò dórí ewé. Ó gbàgbé láti mu tirẹ̀.

"Baba àwọn ọmọ mi, ewé dà?" Àwẹ̀ró béèrè.

"Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n gbéra. Ta ni yóò dá orin, bí kò ṣe òun náà?

"Omi la fẹ́ o!"

"A ò fẹ́ ẹrẹ̀!"

Kí wọ́n tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ti ń ha. Ó ní eruku ni.

Wọ́n dé orísun. Ẹfọ̀n la ojú kan. "Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí?"

Pẹ́pẹ́yẹ gbé àyà síwájú, ó la ẹnu.

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ó tún gbìyànjú. "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀." Ó na ọrùn, ó mi orí, ó gbọn ìrù, bóyá ọ̀rọ̀ náà há síbì kan. Kò jáde. Ó wẹ̀yìn: Ewúrẹ́ ń wo ilẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wo òkè. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. "Mo gbé," ó sọ nínú ọkàn rẹ̀. "Ẹsẹ̀ Òkété ni mo ná ohùn tó yẹ kí n fi gba àwọn ọmọ mi lé lórí."

"Kí ló wí?" Ẹfọ̀n béèrè.

"Hẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Ariwo kì í dí Ẹfọ̀n lọ́wọ́ oorun. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan máa sọ ohun tí òun ò gbọ́ lójú òun? Bóyá èébú ni! Ó gbé ìdí ńlá rẹ̀ kúrò nínú orísun, ó rìn wá, ó tẹ etí sí ẹnu Pẹ́pẹ́yẹ. "Tún un wí kí n gbọ́."

Àwẹ̀ró ti rí i pé orísun ti ṣófo. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Òun àti ọmọ méje bọ́ sínú orísun, wọ́n jókòó. Òkété tẹ̀ lé e, Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú rọ́ wọ ibẹ̀. Kí Ẹfọ̀n tó yíjú padà, àyè ti tán.

"Ẹ má bínú o," Àwẹ̀ró ní. "Ibẹ̀ tutù fún ìdí àwa náà."

Ẹfọ̀n wò wọ́n títí. Kò síbi tó lè jókòó sí láìjókòó lé gbogbo ìlú lórí. Ó kùn hùn-ún, ó wá ẹrẹ̀ mìíràn lọ. Odò mọ́ padà. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọmọ méjèèjì dìde, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Ìgbà yẹn ni Baba Ìgbín, tó bá wọn gbéra lọ́jọ́ àjọ̀dún, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orísun. Wọ́n ròyìn fún un.

"Pẹ́pẹ́yẹ, o káre!" ó kígbe. "Ọgbọ́n ńlá lo dá yẹn!"

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ì bá gbà á bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá mọ̀? Ṣùgbọ́n ó mi orí, ó sọ̀rọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ létí, ìyàwó sì bá a sọ ọ́ síta.

"Ó ní kì í ṣe ọgbọ́n rárá. Ó ní ẹnu òun ló fẹ́ pa ọmọ òun, àìlóhùn òun ló gbà wọ́n."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ ló rẹ́rìn-ín jù. "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà ni akọ pẹ́pẹ́yẹ kò ti lóhùn mọ́, àfi hẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń na ọrùn, tó ń mi orí, tó ń gbọn ìrù níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń gbà fún un ni pé òótọ́ ni, òun sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ wo ìyàwó mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ohùn mi ti ń ha. Mo ti mi orí.