Òkété àti Ewúro Ìyá Ìgbín

Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ nǹkan, ẹ jí bàbá yín tó ń hanrun lórí àga yẹn. Èyí tí mo gbọ́ nìkan ni mo máa sọ. Mo sì gbọ́ púpọ̀.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú ìlú àwọn ẹranko. Efinrin kú, tẹ̀tẹ̀ kú, ewúro kú. Ìdí ewúro kan ṣoṣo ló kù, ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìgbín ló wà. Nígbà tí òjò padà dé, ìyá àgbà pe gbogbo ìlú jọ.

Ó ní, "Kí oníkálukú gé ọ̀pá kan. Ẹ já ewé rẹ̀ dànù, kí ó ku díẹ̀ lókè. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ níbi ibòji, ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Tó bá rúwé, tí ẹnikẹ́ni bá tọrọ, ẹ gbọ́dọ̀ fún un. Ewúro tí a bá fi ṣahun, kíkú ló ń kú."

Òkété gé tirẹ̀, ó ń kùn. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ lóyún, oyún náà kò sì gba nǹkan mìíràn àfi ọbẹ̀ ewúro.

Àwẹ̀ró ti wí fún un pé, "Baálé mi, bí n kò bá rí ewúro jẹ, ilé bàbá mi ni mo máa bímọ sí."

Òkété fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ta ni ì bá máa se oúnjẹ? Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan? Bí gbogbo ìlú bá ní ewúro, ta ni yóò wá wárí fún un? Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ló ní in, Ẹkùn pàápàá yóò dọ̀bálẹ̀. Ó tilẹ̀ dán an wò nínú ihò rẹ̀. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Dìde, ọmọ mi."

Ọjọ́ ọjà pé, ìlú dá páropáro. Ìyá Ìgbín ti gbéra láti àná. Òkété ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń fa ọ̀pá ewúro tu. Ó dé ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìgbín, ó gé ìyá ewúro náà kanlẹ̀.

Inú ihò ni Òkété ń kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí: ẹ̀pà, ẹyìn, ìyàwó. Ibẹ̀ náà ló gbin ewúro sí. Kò já ewé kan. "Ewé tí mo fẹ́ jẹ ni kí n já dànù?" Bó bá jí, á fa ọ̀kan tu wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò, á tún rì í padà, á fa òmíràn.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, ewúro kì í hù nínú òkùnkùn."

"Ṣebí inú òkùnkùn náà lo ti lóyún."

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ò mọ ohun tó sọ.

Kò pẹ́, ewúro jẹrà. Òórùn gba àdúgbò. Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò wọn, di imú mú wá sẹ́nu ihò.

"Òkété, kí ló kú sílé yín?"

"Ìyá ìyá mi ni."

"Ẹ kú ọ̀fọ̀. Òun kọ́ la sin lọ́dún tó kọjá?"

"Kò tíì kú tán nígbà yẹn."

Àwẹ̀ró gbọ́ èyí, ó gbẹ́rù. Kì í ṣe aṣọ ló dì o. Ewúro jíjẹrà ló rù, ó dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ìlú. "Ìyá ìyá ọkọ mi rèé."

Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìgbín ni ìlú wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ìyá àgbà ti ọjà dé tó rí kùkùté ewúro rẹ̀, kò sunkún. Ó ní, "Ẹni tó gé e, ó gé e dáadáa. Ó ti yẹ kí n ti gé e tipẹ́, mi ò lọ́wọ́ ni." Kùkùté náà sì rúwé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo wọn tún ń gé ọ̀pá. Àwẹ̀ró gé tirẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Òkété sáré dé, ó dorí kodò. "Ìyá àgbà, ọ̀pá kan péré. Kí n rí ohun tí n ó fi bẹ ìyàwó mi."

Ẹkùn bú ramúramù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Lọ tọrọ lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Ìgbín, ẹni tó ṣòfin. Ìyá Ìgbín wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, kò jìn: ẹni tó fa ti ọmọnìkejì tu kí tirẹ̀ lè dá hù, yóò padà wá tọrọ. Òkété ṣì na ọwọ́ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó fún un?