Ta Ni Ń Jẹ́ Èmi?

Nígbà láéláé, nígbà tí Adìyẹ ṣì ní ilé onílẹ̀kùn, kì í kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ààtàn. Bó bá fẹ́ jáde lọ jẹ̀ láàárọ̀, á kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o, àfi èmi nìkan."

Bó bá dé, á kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Wọ́n á sì ṣí i.

Lọ́jọ́ kan, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ nínú ilé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Àwa ni, Ìyá wa. Ó ní, 'Èmi ni.'"

Adìyẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí mà gọ̀ o!" Kò là wọ́n lọ́yẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun náà kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Kí Adìyẹ tó dé, ọmọ rẹ̀ kan ti dàwátì. Ìyẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀.

Ó figbe ta lọ bá Erin, adájọ́ gbogbo ẹranko. "Bàbá, òpùrọ́ ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀!" Erin ránṣẹ́ pe Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Pẹ́pẹ́yẹ.

"Irọ́ wo ni mo pa?" Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń lá ètè. "Wọ́n bi mí pé ta ni. Ṣé kí n ní ìwọ ni?"

Erin ronú. "Olè ni ọ́, wàá sì jìyà olè. Ṣùgbọ́n o ò purọ́. Adìyẹ, ta ni ń jẹ́ Èmi?"

"Èmi ni!"

"Èmi náà ni," ni Erin wí.

"Èmi ńkọ́?" ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Adìyẹ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu tó bá ti sọ ọ́ ló ni ín. Báwo ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣọ́ ilẹ̀kùn? Kí wá ni ọmọ lè fi mọ ìyá rẹ̀?

"Ohùn mi ni," ló wí jẹ́jẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti fi ilé onílẹ̀kùn sílẹ̀, tó ń kó ọmọ rẹ̀ jẹ̀ kiri, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́: kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Létí tiwa, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sín in jẹ bó ṣe wù ọ́, òròmọdìyẹ kan ò ní yíjú wò ọ́.