Àwẹ̀ró Ìyá Àká àti Òrùlé Ẹgbẹ́ Onítàkàdá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ jókòó pẹ́kípẹ́kí, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé tán. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti bímọ náà, ẹ wá ibi jókòó, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, inú mi a máa dùn débi pé n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, díẹ̀ ló kù kí ìlú wa, Ìsàlẹ̀ Arère, pàdánù gbogbo ohun tó sọ ọ́ di ìlú. Ayé ẹlẹ́ṣin ni, òyìnbó kankan kò tíì tẹ ilẹ̀ wa. Àlùfáà Yúnúsà, olórí Ẹgbẹ́ Onítàkàdá, kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Wọn kò tíì ṣe fìdáù rẹ̀ tán tí wọ́n fi gbúròó ẹsẹ̀ ẹṣin lójú ọ̀nà odò. Ìlàrí ọba ló ń bọ̀, ìránṣẹ́ ààfin tó fá apá kan orí rẹ̀ tó sì dá apá kejì sí, Ọbakòṣeékọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Òfin ọba tí a ń sìn nígbà náà ni pé àlejò tó bá kú láìlọ́mọ, ọba ló ni ogún rẹ̀. Òkè odò Ọya ni Yúnúsà sì ti wá, kò láya, kò lọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́ fún yín. Ahunṣọ wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà, alágbẹ̀dẹ wà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá ti mọ́, ìwé ni gbogbo wọn ń jókòó tì. Wọ́n ń da ìwé kọ, wọ́n ń wo bí oṣù ṣe ń lé, wọ́n ń jiyàn lórí ewé tó ń wo ibà àti èyí tó ń pa ènìyàn. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n kọ́ ilé kan, wọ́n gbin obì sí etí odò, wọ́n ní agbo àgùntàn, wọ́n sì ní ìwé rẹpẹtẹ nínú àpò awọ. Owó obì ni wọ́n fi ń ra tàkàdá tí wọ́n ń kọ̀wé sí. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n fi ń ra ẹni tí wọ́n bá rí nínú okùn ẹrú, wọ́n á sì dá a sílẹ̀. Àṣìṣe kan ni wọ́n ṣe, àṣìṣe ọmọlúàbí sì ni: wọ́n bọ̀wọ̀ fún olórí wọn jù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ la ẹnu pe ilé náà ní ilé wa. Ilé Yúnúsà ni wọ́n ń pè é, obì Yúnúsà, àgùntàn Yúnúsà. Orúkọ yìí ni ọba ń gbọ́ láti òkèèrè.

Ẹni tó ń tọ́jú gbogbo rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró adúmáadán, obìnrin tí kì í sùn kí ìlẹ̀kùn àká tó tì, a-bójú-òjò-wò-kó-tó-rọ̀, akọ láàárín ọkùnrin! Ìyá Àká ni oyè rẹ̀. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lọ́jọ́ náà ló bí ìran tiwa. Nínú okùn ẹrú ni ẹgbẹ́ ti rà á. Ẹ wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le: bí gbogbo ohun tó wà nílé náà bá jẹ́ ti Yúnúsà, Àwẹ̀ró àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà jẹ́ ti Yúnúsà, ọba ló sì ni wọ́n.

Ìlàrí kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin tó fi ní kí wọ́n ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́, kí ohunkóhun má ṣe jáde. Baálẹ̀ wa dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o,” ni ìlàrí wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọba ló di ọmọ olóògbé báyìí. Ẹ kó ogún ọmọ fún ọmọ.”

Búsàrí ahunṣọ, àgbà nínú ẹgbẹ́, dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Baba, ẹ ṣàánú wa. Ẹ kó àgùntàn, ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún wa.”

“Ṣé o rò pé àgùntàn wù mí ju ìwé lọ ni? Méjèèjì ni n ó kó!” Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ni Àwẹ̀ró bá jáde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ohun òkú ni ọba ní kí ẹ kó, àbí ti alààyè náà wà níbẹ̀?”

Ẹ̀rín kúrò lójú ìlàrí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìlàrí tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ fọwọ́ kan ohun ìní alààyè, ọba sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. “Ohun òkú nìkan,” ó ní.

“Baálẹ̀, ẹ gbọ́ o! Ẹ jẹ́ kí alààyè kó tirẹ̀ kúrò, kí ohun òkú lè dá dúró kí a rí i.”

“Ẹ fẹ́ pín ilé? Ẹ ó gé e bí iṣu ni?”

“Bàbá, ẹ gbójú sókè,” ni Àwẹ̀ró wí, ó na ọwọ́ sí òrùlé.

Nínú ẹgbẹ́ náà, wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni bo ilé. Kí òjò tó dé lọ́dọọdún, kálukú ní láti gé koríko bẹẹrẹ tirẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í sí òkè, ní ọ̀kánkán ibi tó ń jókòó sí. Bí apá tìrẹ bá jò, àgbò ni ìtanràn rẹ. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá rà sílẹ̀ náà ń di apá tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá di òmìnira. Àwẹ̀ró ló ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́gbọ́n ni ìlàrí. Ó ní kí olúkúlùkù kọ́kọ́ sọ ohun tó fi di koríko rẹ̀ nísàlẹ̀, kó tó gun òkè lọ tú u. Búsàrí ló kọ́kọ́ dúró sídìí àkàbà. “Ọ̀wú pupa ni mo fi dì í,” ó ní. “Okùn tán lọ́wọ́ mi. Ìyá Àká, ẹ forí jì mí.” Wọ́n tú u, ọ̀wú pupa ni lóòótọ́. “Ọ̀lẹ!” ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kígbe. “Àgbò rẹ ti di dandan,” ni Àwẹ̀ró wí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Bí wọ́n ti ń tú u lọ nìyẹn, okùn awọ ti alágbẹ̀dẹ, ìtàkùn ti àgbẹ̀. Obì ńkọ́? Kálukú dáhùn fún èyí tó gbìn. Àgùntàn ńkọ́? Àmì olówó rẹ̀ wà létí rẹ̀. Ìwé nìkan ni kò ní àmì ẹnì kan, nítorí gbogbo wọn ló jọ dà á kọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òrùlé ti ṣí gbàgà lókè ilé, ìpín Yúnúsà kò ju ìdì koríko kan, awọ àgùntàn tó ń sùn lé, àti bútà tó fi ń ṣe àlùwàlá.

Ìlàrí yíjú sí Àwẹ̀ró. “Ìwọ ńkọ́? Ẹrú ò ní òrùlé. Ìwọ àti ọmọ rẹ ni n ó mú lọ.”

“Mo ní ìpín, bàbá. Èyí tó wà lórí ìwé ni. Okùn tí wọ́n fi so mí lọ́rùn wá sí ìlú yìí ni mo fi dì í.”

“Fà á yọ kí n rí i.”

Òjò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fa okùn náà, gbogbo apá yẹn yóò wó. Tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà náà, omi ni í fọ̀ ọ́ dànù. Ìlàrí sì ti fi àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ṣọ́ ọ̀nà, ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Àwẹ̀ró gun òkè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan okùn, ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́, olúkúlùkù ti ru koríko rẹ̀, wọ́n kọjú sọ́nà ilé.

“Ẹ̀yin ará mi,” ó ní, “bí ẹ bá gbé e lọ sílé báyìí, kò sẹ́ni tó lè mú yín, ẹ ó sì sùn gbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mọ́. N kò ní fa okùn yìí lórí ìwé lásán, bí wọ́n tilẹ̀ máa so mí padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n fà á, ẹ mọ ohun tí ẹ ó ṣe.”

Ni Búsàrí, ọ̀lẹ wa, bá padà wọlé, ó gbé koríko rẹ̀ sókè lórí ìwé pẹ̀lú apá méjèèjì. “Ẹ fà á o, Ìyá Àká! Kíákíá, apá mi ò le!” Alágbẹ̀dẹ wọlé, àgbẹ̀ wọlé, gbogbo wọn wọlé, koríko lórí koríko. Àwẹ̀ró fà á. Apá náà wó lulẹ̀, okùn náà sì nìyí, òrùka irin tí wọ́n ń fi há ẹrú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e lé ìlàrí lọ́wọ́.

Ìlàrí jókòó sábẹ́ igi. “N ó dúró,” ó ní. “Ọwọ́ yín á rọ̀. Bí ẹ bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ti òkú ni ìwé náà.”

Ìgbà yìí ni Baálẹ̀ rí ohùn. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí koríko, ó sì na apá sókè láàárín wọn. “Ohun tí alààyè dúró gbé dání, ta ló lè pè é ní ohun òkú?” Òjò rọ̀, kò dá. Wọ́n ń fi ara ti ara wọn, Àwẹ̀ró ń rìn láàárín wọn, ó ń pe oríkì baba oníkálukú sí i létí. Kò sẹ́ni tó sọ apá kalẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ní Ìsàlẹ̀ Arère, a kì í fi orúkọ ẹnì kan pe ohun tí a dá owó rà. Obìnrin ló ń tọ́jú ohun ìní ẹgbẹ́, Ìyá Àká la sì ń pè é títí dòní. Páànù ti dé, síbẹ̀ kálukú ló ń kan ìṣó tirẹ̀ sí ilé ẹgbẹ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí ìṣó tèmi náà, ó wọ́ díẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò dá. Ìlàrí dìde, ó wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣì na apá sókè, ó wo Àwẹ̀ró. Ó ju okùn náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ obìnrin náà. Ó gba bútà, ó gba awọ àgùntàn, ó so ìdì koríko Yúnúsà tó ti tutù mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀ fún ọba, òun àti àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì gba ojú ọ̀nà odò lọ.