Àgbo tí Òkété Kò Lè Mu

Àlọ́ o!

Ààlọ̀ o!

Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó ń wúkọ́ níwájú yẹn, sún mọ́ mi, tìẹ ni mo fẹ́ pa lónìí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn títí, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀yà àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ìgbà kan rí, ikọ́ burúkú kan wọ ìlú àwọn ẹranko. Ọmọ mẹ́ta ni Ọ̀yà bí, méjì ti kú. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ẹ̀kẹta ní Málọmọ́. Ikọ́ mú Málọmọ́. Ọ̀yà ò lè sùn, kò lè jẹun. Ó kàn ń wo àyà ọmọ náà bó ti ń lọ sókè sódò.

Àṣà kan wà ní ìlú wọn. Ẹni tó bá se àgbo ni yóò kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú aláìsàn. Ìgbín arúgbó ló ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n àgbo Ìgbín korò bí jogbo, Ìgbín alára sì ń falẹ̀ jù.

Òkété bá rí àyè. Ó po eérú mọ́ omi, ó fi oyin sí i, ó dé fìlà, ó bọ́ sáàárín ìlú. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ mu ú, kò korò! — *Kéréwú!*
Ẹ̀kùrọ́ lèèwọ̀ rẹ̀! — *Kéréwú!*
Ẹ kó o wá fún mi! — *Kéréwú!*

Ọ̀yà pọn ọmọ lọ. Ó ní, "Baba Oníṣègùn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ mu díẹ̀ ni?"

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ìyá Málọmọ́, ṣé èmi ni ikọ́ ń ṣe? Àbí ẹ fẹ́ kí n mu ìpín ọmọ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọ̀yà láyà. Ó gba àgbo náà fún ọmọ rẹ̀.

Òkété ní, "Ẹ̀kùrọ́ kan ò gbọdọ̀ kù nílé yín o. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá, n óò bá yín sin ín."

Háà, ẹ wo àwọn ará ìlú! Àwọn kan fi agbọ̀n rù ú, àwọn kan dì í sáṣọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá, Òkété á ní, "Ẹ lọ tún ilé yín wò, ó ku ọ̀kan níbẹ̀."

Ọ̀yà gbá ilé, ó túlé. Ẹ̀kùrọ́ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí Málọmọ́ fi ń ṣeré, tó ti fi eyín gé létí. Ọ̀yà já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ikọ́ náà sì ń le sí i.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ikọ́ ti mú Baba Oníṣègùn fúnra rẹ̀. Àánú ṣe Ọ̀yà. Ó bu ìdajì nínú àgbo tó kù fún ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ síhò Òkété. Kò bá a nílé. Ẹ̀kùrọ́ ló kún ihò dé ẹnu. Èyí tó wà lókè pátápátá, eyín ti gé e létí.

Ọ̀yà mú un. Ó tọ ipasẹ̀ Òkété lọ. Ọ̀dọ̀ Ìgbín ló já sí. Òkété nìyẹn, tó ti orí bọ inú igbá àgbo kíkorò, tó ń mu ún gbì gbì gbì!

"Baba Oníṣègùn, mo gbé àgbo yín wá. Ẹ mu ún."

Òkété wò ó, kò lè gbà á. Ó ní, "Omi eérú ni."

Àwọn aládùúgbò gbọ́. Wọ́n hó lé e lórí, Òkété sì fi eré gé e.

Ọ̀yà jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. "N kò gba oògùn ẹnikẹ́ni mọ́! Àtẹ̀yin àtòun, ọ̀kan náà ni yín."

Ìgbín ò bínú. Ó ní, "Ó yẹ kí o sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Bi mí ní ohun tó wù ọ́."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ìgbín fi ewé hàn án, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé yóò san?"

"N kò lè búra. Ó ti san fún ọ̀pọ̀, kò san fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n n kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ìgbín bu àgbo, ó mu ún, ó fajú ro. Ó tún bu òmíràn, ó nà án sí Ọ̀yà. Ọ̀yà gbà á, ó gbé e lọ fún Málọmọ́. Ìgbín wọ́ tẹ̀lé e, kò sì kúrò níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ọmọ lajú.

"Ìyá mi, ẹ̀kùrọ́ mi dà?"

Ọ̀yà fi sí i lọ́wọ́.

Ìtìjú ni Òkété fi ń farapamọ́ sínú ihò lójú ọ̀sán títí dòní. Ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ wò, ẹ óò bá ẹ̀kùrọ́ níbẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ má gba àgbo lọ́wọ́ ẹni tí kò lè mu ún. Ẹ má sì torí òpùrọ́ kan tilẹ̀kùn mọ́ olóòótọ́. Ẹ béèrè, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ó yá, ìwọ oníkọ́, wá. Èmi ni mo se èyí tó wà nínú ife yìí. Ó korò, n kò tàn ọ́. Wo ẹnu mi: mo ti mu tèmi.