Ọkùnrin Tó Sẹ́ Àwòrán Ara Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé bó bá ti ní "Ẹ káalẹ́ o," ewúrẹ́ tó wà lójúde á dáhùn. Ilà àbàjà mẹ́rin-mẹ́rin ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìgboro kankan ò mọ̀, torí kó tó jáde láàárọ̀, ó ti fi àtíkè bò ó mọ́lẹ̀. Àtíkè tó ń lò lóòjọ́ tó kun ilé alájà méjì.

Ó wá kan ilé wọn láti jẹ baálẹ̀ lábúlé. Ẹbí fẹnu kò, òun ni wọ́n mú. Inú rẹ̀ dùn, nítorí oyè yìí ni bàbá rẹ̀ wá títí tó fi kú, tí kò rí i jẹ.

Bí aráyé ṣe gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn lórí Fesibúùkù: "Báwo lọkùnrin yìí tiẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀ ná?" Aráyé ò níṣẹ́! Wọ́n wá a, wọ́n tú u, títí ẹnì kan fi rí àwòrán ìgbà tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tín-ín-rín, kò wọ bàtà, okùn ló fi so ṣòkòtò, orí rẹ̀ tóbi ju ti olùkọ́ lọ, àbàjà sì hàn gbangba. Fóònù gbogbo ìlú gbóná lọ́jọ́ náà débi pé èèyàn lè fi yan àgbàdo.

"Baálẹ̀ ọ̀la rèé? Orí bí odó!"

"Ẹ wo ilà, àfi bíi pé ológbò bá a jà!"

Ojú tì í. Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi kọ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é." Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọjọ́ pé tí wọ́n á mú un lọ sọ́dọ̀ ọba. Àṣà ilé náà ni pé obìnrin tó dàgbà jù nínú ọmọ ilé ní í di ọmọ oyè lọ́wọ́ mú jáde. Bí kò bá dì í mú, kò sí oyè. Ìyá àgbà náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, jókòó lórí àpótí. Ọkùnrin na ọwọ́ sí i. Ìyá ò mú un.

"Ìwọ ta ni?"

"Ìyá mi, èmi náà mà ni."

"Irọ́. Ọmọ wa ló wà nínú fóònù tí wọ́n fi hàn mí. Lọ́jọ́ tí olóòlà kọ ọ́ nílà, èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì yàgbẹ́ sí ìró mi. Ilà ilé wa ni bàbá rẹ̀ fi sí i lójú. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé o kì í ṣe òun. Ẹ lọ bá mi wá ọmọ mi wá, òun ni yóò jẹ baálẹ̀."

Ọmọ ẹbí kan tí òun náà ń wojú oyè ti ń tún fìlà rẹ̀ ṣe lẹ́yìn.

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ọkùnrin yìí pé òun ti sẹ́ bàbá òun pẹ̀lú àwòrán náà.

Ó ní, "Ẹ fún mi lómi àti ọṣẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín agboolé, ó bọ́jú. Àtíkè tó ṣàn sílẹ̀ sọ adìyẹ dúdú mẹ́ta di funfun. Nígbà tó gbójú sókè, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, wọ́n tò bí ebè oko tuntun. Ó kọjú sí àwọn tó na fóònù sókè.

"Ẹ yà á dáadáa. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Èmi lolórí ńlá yẹn."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó dì í lọ́wọ́ mú gírígírí, ó ń kì í lọ. Oríkì náà gùn débi pé ọba tó ń dúró dè wọ́n ti jẹun lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé. Àwọn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, àwọn náà ló ń ti ara wọn ṣubú kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò.

Ìwọ ni mo ń sọ ìtàn yìí fún, ọmọ mi. Mo gbọ́ pé àwọn àna rẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, o sì ti yọ àwòrán yẹn kúrò lára ògiri, èyí tí ìwọ àti ìyá rẹ ti ru igi ìdáná. Ẹni tó bá ń wá bí o ṣe rí tẹ́lẹ̀, fi hàn án kó tó wá a rí. Ìyá tó bá ọ ru igi yẹn ṣì wà láyé, ó sì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá wo ògiri tí kò bá ara rẹ̀ níbẹ̀, kí lo fẹ́ sọ fún un? Dìde, lọ gbé àwòrán rẹ kọ́.