Àtẹ̀gùn Ara Ọkọ̀ Kékeré

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí ojú irin là láàárín. Nílé iṣẹ́ rélùwéè ló ti fi iṣẹ́ káfíńtà lo ìgbà ayé rẹ̀, kì í sì í ṣe káfíńtà àga àti tábìlì o. Àwọn ọkọ̀ èrò ló ń tún ṣe, àwọn tí ẹ́ńjìnnì máa ń fà tẹ̀lé ara wọn. Ìjókòó tó bá kán, ilẹ̀kùn tó bá lọ́, fèrèsé tí kò bá wálẹ̀ mọ́, òun ni wọ́n ń pè. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé bó bá lẹ pákó mọ́ pákó, o lè fi ọwọ́ pa á títí kí o má mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Bàbá Ìbídùn ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ó sì máa pè é.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà láti sinmi. O mọ irú wọn. Bí wọ́n bá jókòó lásán, ara a máa yún wọn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, èyí tí gbogbo rẹ̀ gba orí tábìlì, tó ní irin tirẹ̀ tó ń sáré lé lórí, tó ní ẹ́ńjìnnì tí bátìrì ń wà, tó sì ní àwọn ọkọ̀ èrò bí irú èyí tó ń tún ṣe nígbà èwe rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé lójú tirẹ̀. Ó ní àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn ti ń jẹrà sínú igbó lẹ́yìn ibùdókọ̀, bí òun kò bá sì ṣe àwòrán wọn sílẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ bí wọ́n ṣe rí.

Ó ṣe ara ọkọ̀, ó ṣe òrùlé, ó kùn ún ní ọ̀dà. Ó wá ku àtẹ̀gùn.

Àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ èrò kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn kan wà tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so rọ̀, ibẹ̀ ni èèyàn máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó wọlé. Ẹlòmíràn tó bá ń ṣe irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ a kàn lẹ páálí mọ́ ọn, ó parí. Bàbá Ìbídùn ní rárá o. Ó gé agolo mílíìkì, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó ká etí rẹ̀, ó sì fi abẹ́rẹ́ ha ìlà sójú rẹ̀, torí pé àwọn ti gidi ní ìlà lójú kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Ó wá yọ́ òjé lórí iná, ó fi jó o mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Háà, ó dára! Bí o bá gbé e súnmọ́ ojú, wàá rò pé èrò fẹ́ wọlé.

Ó sì ní ìdí tó fi fẹ́ràn àtẹ̀gùn tó bẹ́ẹ̀. Lórí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú kan Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀. Ọmọge ni nígbà náà, ó gbé agbọ̀n lérí, ó fẹ́ wọkọ̀, ọkọ̀ ti ń ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ló di apá rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ wà. Ìfẹ́ wà nínú ilé yẹn, má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé kò sí.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe títì dé iwájú ilé wọn. Wọ́n fi kátakàtà ha ilẹ̀ kúrò, wọ́n fọ́ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá. Ẹnu ọ̀nà wá ga kúrò nílẹ̀ bíi gíga tábìlì. Ara Bàbá Ìbídùn ṣì le, òun a máa fò sílẹ̀, a sì máa fọwọ́ fa ara rẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n làkúrègbé ń bá Àmọ̀kẹ́ jà ní eékún méjèèjì. Ẹ̀yìnkùlé kò sì lọ́nà, ògiri ló yí i ká. Obìnrin náà di ẹni tó ń ti ojú fèrèsé kí aráyé.

Ọkọ rẹ̀ ní òun á pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Obìnrin náà ní, “Ẹ pọ̀n mí kẹ̀? Lójú títì? Kí àwọn tí mo sọ ọmọ wọn lórúkọ wá máa wò mí lẹ́yìn yín bí ọmọ ọwọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀.” Ó ní ìtìjú, ta ló sì lè bá a wí?

Kì í ṣe ọjà ló fẹ́ lọ, kì í sì í ṣe òde ìnáwó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé ló dùbúlẹ̀ àìsàn ní òdìkejì ojú irin. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ojoojúmọ́ ni aláìsàn náà ń ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí àbúrò òun, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí òun fẹ́ bá a sọ. Ohun tó ń jẹ Àmọ̀kẹ́ lọ́kàn kò ju ìyẹn lọ: kó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Bàbá Ìbídùn ní, “Àmọ̀kẹ́, fọkàn balẹ̀. Ṣé torí àtẹ̀gùn lásán? Ṣebí iṣẹ́ mi ni. Mo ti ra pákó ìrókò. Tó bá ti gbẹ báyìí, màá kàn án fún ẹ, màá fi ibi ìdìmú sí i lọ́tùn-ún lósì, màá fi fáníìṣì kùn ún. Gbogbo àdúgbò ni yóò wá wò ó.”

“Èmi ò ní kí àdúgbò wá wò ó. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni.”

“Pákó tútù ni. Bí mo bá kàn án báyìí, yóò lọ́. Ṣé kí wọ́n máa sọ pé káfíńtà rélùwéè ló kan àtẹ̀gùn tó lọ́ síwájú ilé ara rẹ̀? Ìwọ gan-an, ohun tó dára ló yẹ ẹ́.”

Ó gbé pákó náà ti ògiri kó máa gbẹ. Àsìkò òjò sì ni o! Jọ̀ọ́, pákó wo ló ń yá gbẹ nínú òjò?

Nígbà tí pákó ń gbẹ lọ́wọ́, ó padà sídìí ọkọ̀ kékeré rẹ̀, wàhálà sì ń dúró dè é níbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré lórí irin tó tọ́, kò sí ìjọ̀gbọ̀n. Àmọ́ bó bá ti dé ibi tí irin ti yà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á kọ lu àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ á sì dojú dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí wò ó, ó ní, “Gé àtẹ̀gùn yẹn kúrò díẹ̀ lápá inú. Ta ló máa rí i?”

“Èmi máa rí i,” ni Bàbá Ìbídùn dáhùn. “Ti gidi kò rí bẹ́ẹ̀.”

Ló bá ń tú u, ó ń fi ayùn irin ha á, ó ń sún un bíńtín, ó ń jó o padà. Ọkọ̀ á tún ṣubú. Á tún tú u.

Kì í ṣe pé ó gbàgbé aya rẹ̀ o. Má rò ó bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń kọjá ojú irin lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, á gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání, á jókòó tì í, á sì padà wálé wá jíṣẹ́.

“Wọ́n ní kí n kí ẹ.”

“Ṣé wọ́n bèèrè mi?”

“Wọ́n bèèrè ẹ. Mo ní ó kù díẹ̀, pé igi ló ń gbẹ lọ́wọ́.”

Àmọ̀kẹ́ á mi orí, á sì yíjú sí fèrèsé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fọwọ́ ra ògiri wá síbi tábìlì ọkọ rẹ̀. Ó bá a tó ń fi ẹ̀mú di ohun kan tí kò tó èékánná mú, tó ń gbé e yí sí ìmọ́lẹ̀.

“Bàbá Ìbídùn, kí lẹ pe èyí?”

“Àtẹ̀gùn ni.”

“Àtẹ̀gùn. Ohun tí a ń tẹ̀ gùn.” Ó nawọ́ sí i. “Ta ló fẹ́ tẹ èyí gùn?”

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. “Eèrà!” ló fi dá a lóhùn. Àmọ̀kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ra ògiri padà. Ọkùnrin náà rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n òjé ti ń gbóná lórí iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, obìnrin tó ti ń tọ́jú ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, sáré wá sábẹ́ fèrèsé. Ó ní ara ìyá òun ti yí padà, kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bọ̀. Àmọ̀kẹ́ pariwo pe ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà dáhùn láti ìdí tábìlì pé, “Mo ń bọ̀, jẹ́ kí n gbé èyí kúrò lórí iná.”

Ìyá kan wà ní òdìkejì títì tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò. Ó gbọ́ igbe. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó da ìgò inú kéréètì kan sílẹ̀, ó gbé e wá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sábẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbé òmíràn tì í, ó sì na èjìká rẹ̀ sókè. “Màmá, ẹ gbẹ́sẹ̀ síbí. Ẹ dì mí mú. Ẹ̀ẹ́n, ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀.”

Kó tó di pé Bàbá Ìbídùn gbé òjé kúrò lórí iná tó sì dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó ń fi ọ̀pá lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Kò wẹ̀yìn. Kì í ṣe pé ó bínú, ibi tó ń lọ ló ń wò. Ọkùnrin náà dúró lókè, ẹ̀mú lọ́wọ́, ó ń wo kéréètì méjì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Kéréètì wọ̀nyẹn ti wà lójú títì lójoojúmọ́ ayé. Ojoojúmọ́ ló ń fò kọjá lára wọn. Ojú tì í, ó tì í gan-an.

Òun náà bẹ́ sílẹ̀, ó tẹ̀lé wọn.

Àmọ̀kẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n kò bá ohùn rẹ̀ mọ́. Ojú là, ó ń wò, ètè ń mì, ọ̀rọ̀ ò jáde. Àmọ̀kẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pè é ní gbogbo orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeré ní kékeré. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Mo ti dé. Kí lẹ fẹ́ sọ?” Aláìsàn náà di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ wá ń sunkún. Ó ní, “Àná ni wọ́n sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ní tí Bàbá Ìbídùn bá dé, kí n bá àwọn bi wọ́n léèrè bóyá igi ti gbẹ.”

Bàbá Ìbídùn gbọ́ ọ. Ó jáde síta, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó sunkún tán, ó gba ilé lọ, ó gbé pákó tútù yẹn, ó rẹ́ ẹ, ó sì kàn án. Kò fá a, kò kùn ún, kò sí ibi ìdìmú kankan. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, àtẹ̀gùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ sì ni Àmọ̀kẹ́ gbà gòkè nígbà tó dé.

Àtẹ̀gùn náà ló ń tẹ̀ lọ síbi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ìyẹn fi dákẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, pákó náà lọ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ti sọ. Ó ń dún bí wọ́n bá gorí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ náà kò bá a jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà, obìnrin rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sọ, kò gbọ́ ọ títí dòní.

Mo rí i pé o ti tẹ orí ba. Gbé e sókè, mi ò pè ẹ́ wá síbí láti bú ẹ. Ta ló máa pe Bàbá Ìbídùn ní ènìyàn burúkú? Ohun tó dára jù ló fẹ́ fún aya rẹ̀, ìwọ náà ohun tó dára jù lo fẹ́ fún ìyá rẹ. O ní wọn ò ní rí ẹ àfi tí ilé tí ò ń kọ́ fún wọn bá parí, kí o lè fi mọ́tò gbé wọn wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ gidi ni ẹ́, Ọlọ́run á bá ẹ parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ tí màmá rẹ ń rán sí mi, mi ò gbọ́ ilé níbẹ̀ rí. Ìwọ ni wọ́n ń bèèrè. Táílì tí o ní kò tíì dé, jẹ́ kó máa bọ̀. Wọ ọkọ̀ èrò lọ́la, ra búrẹ́dì dání, kí o sì jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá bèèrè ilé, sọ fún wọn pé kò tíì parí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wọn á ṣàdúrà fún ẹ, wọn á sì sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Lọ gbọ́ ọ nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu wọn.