Ọ̀rọ̀ Tí Àmín Bò Mọ́lẹ̀

Obìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Òun nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀. Òkè òkun ni àwọn àbúrò rẹ̀ wà, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣàdúrà. Dókítà ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti rọra sọ fún un pé oògùn kò lè ṣe ju kó dín ìrora kù mọ́. Obìnrin náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e mì bí àgbo kíkorò.

Lọ́sàn-án gbogbo, ìyá á lajú, á ní, "Àwẹ̀ró, tí mo bá lọ..."

Ọmọ á já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Màámi ò ní í lọ síbì kankan, wọ́n máa pẹ́ fún wa. Àwọn tó wá kí aláìsàn ní bẹ́ẹ̀dì kejì á bá a ṣe àmín, wọn á ṣe é kó rinlẹ̀. Ìyá á kọjú sí ògiri.

Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ń bọ̀. Ọmọ dá wà lórí àga, ìyá dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àdúrà sì dúró láàárín wọn.

Lọ́jọ́ kejìlá, nọ́ọ̀sì àgbà kan ń fi òwú tútù pa ètè ìyá, nítorí kò lè mumi mọ́. Ìyá tún ní, "Àwẹ̀ró, tí mo bá lọ..."

Ọmọ lanu. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí Màmá parí ọ̀rọ̀ wọn. Àdúrà ò ní í sá lọ."

Ó fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì náà ká, ó sún àga mọ́ ìyá, ó sì jáde.

Ọmọ rò pé ọ̀rọ̀ ogún ni. Ìyá ní, "Má jẹ́ kí wọ́n wọ léèsì aláwọ̀ ewé yẹn fún mi. Ó máa ń yún mi lọ́rùn." Ọmọ rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni ìyá wá sọ èyí tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí: "Ẹ̀rù ń bà mí. N kò rẹ́ni sọ fún. Dì mí lọ́wọ́ mú."

Ó dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí àkókò àlejò parí, nọ́ọ̀sì kò lé e. Tíì gbígbóná ló bù fún un. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí ìyá tó dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọn ìbá ti jọ wà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ ọmọ mi tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà rẹ bá ní "tí mo bá lọ", má ṣe àmín lé e lórí. Sún àga rẹ mọ́ ọn. Bí ó bá sì di ọjọ́ tèmi, tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, jọ̀wọ́, jẹ́ kí n parí rẹ̀.